Wọtamẹ́lọ̀n mi ń tanná rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ń já dànù. Ẹ gbà mí o

Olóko Ìsẹ́yìn (Sátidé, 8:47 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ìmọ̀ràn kí n tó ya wèrè. Éékà 2 ni mo gbin wọtamẹ́lọ̀n sí, apá Ìsẹ́yìn níbí, ọdún kẹta mi rèé lórí ilẹ̀ yẹn. Ọdún àkọ́kọ́, èmi àti àwọn ọlọ́jà jọ ń rẹ́rìn-ín ni. Ọdún kejì ó dín. Tọdún yìí, ewé tutù yọ̀yọ̀, òdòdó yẹ́lò kún ilẹ̀ lọ rẹrẹ, ẹni tó bá dúró ní títì wò ó á ní mo ti dolówó. Àmọ́ tí ọmọ bá ti tó orí àtàǹpàkò báyìí, á pọ́n, á rọ, á já. Èyí tí kò já, wíwọ́ ló ń wọ́, apá kan á wú, apá kejì á fún bí ọrùn ṣágo. Ọlọ́jà kì í ra oníwíwọ́.

Mo ti fi fatiláísà sí i. Mo ti ra oògùn olómi kan lọ́jà tí wọ́n ní ó ń gbé ọmọ dúró, kò gbé nǹkan kan dúró. Mo wá rò pé kòkòrò ló ń jẹ ẹ́, torí náà gbogbo Sátidé láago méje àárọ̀ làwọn ọmọ ń bá mi fín oògùn, a ò fo ọ̀sẹ̀ kan rí. Ìyàwó mi ní kí n lọ bi àwọn àgbà, pé bóyá ọwọ́ ayé ni. Mi ò tíì lọ, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún.

Ọmọ Ṣakí (Sátidé, 9:05 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, fatiláísà yẹn ló pọ̀ jù. Tí ewé bá ti tutù báyẹn, yúríà lẹ dà sí i, ewé ló ń jẹun, ọmọ ò rí jẹ. Ẹ dá a dúró. Ẹ̀ẹ̀kejì, ṣé kì í ṣe èyí tí kò ní kóró nínú yẹn lẹ gbìn? Ìyẹn ò lè dá bímọ o, àfi tí ẹ bá gbin oníkóró sí àárín ẹ̀, torí àtíkè inú òdòdó tiẹ̀ ò wúlò.

Ìyá Ẹlẹ́gúsí (Sátidé, 9:40 alẹ́)

Ọmọ mi, má tíì sá kiri. Wọtamẹ́lọ̀n àti ẹ̀gúsí bàrà, ẹbí kan ni wọ́n, bí ọ̀kan ṣe ń ṣe lèkejì ń ṣe. Akọ òdòdó ló máa ń kọ́kọ́ yọ, òun náà ló sì máa ń pọ̀, akọ bíi mẹ́fà méje sí abo kan. Akọ ò ní bímọ, á tanná láàárọ̀, á rọ lọ́sàn-án, á já, kò sí ohun tó ṣe é. Wo ìdí òdòdó yẹn. Tí o bá rí nǹkan roboto onírun bí ọmọ mẹ́lọ̀n kékeré lábẹ́ ẹ̀, abo nìyẹn. Tó bá jẹ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ lásán, akọ ni. Ìyá mi ò kàwé o, ṣùgbọ́n ohun tó máa ń sọ ni pé abo ti pọnmọ wá láti ilé, akọ ló ń rìn lọ́wọ́ òfo.

Olóko Ìsẹ́yìn (Sọ́ńdè, 11:20 àárọ̀)

Ẹ ṣé gan-an mà. Mo lọ wò ó láàárọ̀ yìí. Mo ṣa 40 nínú èyí tó já sílẹ̀, 31 ló pọnmọ. Torí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ akọ nìkan. Oníkóró sì ni mo gbìn. Ti yúríà, mo gbà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dà á.

Bàbá Oníyin (Sọ́ńdè, 1:02 ọ̀sán)

Kí ẹ tó lọ bá babaláwo, ẹ dá mi lóhùn ìbéèrè kan. Aago méje àárọ̀ tí ẹ ń fín oògùn, ta lẹ bá lóko?

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Òdòdó wọtamẹ́lọ̀n ò ju ọjọ́ kan láyé. Àárọ̀ kùtù ló ń ṣí, tó bá fi máa di ọ̀sán ó ti ń pa dé, kò tún ní ṣí mọ́. Láàárín wákàtí díẹ̀ yẹn ni nǹkan gbọ́dọ̀ gbé àtíkè yẹ́lò yẹn kúrò lára akọ wá sára abo. Atẹ́gùn ò lè bá wa gbé e, ó wúwo, ó sì ń lẹ̀ mọ́ nǹkan. Oyin ló ń gbé e, àti àwọn kòkòrò bíi tiẹ̀. Kì í tún ṣe ẹ̀ẹ̀kan o, abo kan ṣoṣo, oyin gbọ́dọ̀ bà lé e bí ìgbà 8 kí àtíkè tó wà lára ẹ̀ tó lè tó, torí pé gbogbo kóró tí ẹ ń tu sílẹ̀ tí ẹ bá ń jẹ mẹ́lọ̀n yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló gba ẹyọ àtíkè tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ibi tí kóró bá ti dúró ni ara èso ti ń wú. Ibi tí kò bá ti dúró, á fún. Ohun tó ṣe tiyín tó fi dà bí ọrùn ṣágo nìyẹn. Tí kóró tó dúró bá wá kéré jù, igi fúnra ẹ̀ á já a dànù, kò ní fi oúnjẹ ṣòfò lórí ẹ̀.

Ẹ̀yin wá dé láago méje, oyin ń bẹ lórí òdòdó, ẹ tú oògùn lé wọn lórí. Èyí tí kò kú síbẹ̀ á gbé e délé lọ pa àwọn tó kù. Ẹ̀ ń pa àwọn lébìrà yín, ẹ wá ń bèèrè ìdí tí iṣẹ́ ò fi lọ.

Ẹ ní ọdún àkọ́kọ́ dáa. Kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko yín nígbà yẹn?

Olóko Ìsẹ́yìn (Sọ́ńdè, 1:30 ọ̀sán)

Háà. Igbó ni. Igi osè ńlá kan wà níbẹ̀, inú rẹ̀ ti hò. Àwọn tó ń sun èédú gé e, ẹlòmíì ti gbin tòmátò síbẹ̀ báyìí.

Bàbá Oníyin (Sọ́ńdè, 1:34 ọ̀sán)

Inú ihò igi yẹn ni oyin yín ń gbé. Wọ́n gé ilé wọn, ẹ̀yin sì fi oògùn lé ìyókù. Tí ẹ bá máa fín, ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́, ó kéré tán lẹ́yìn aago mẹ́fà, nígbà tí òdòdó ti pa dé tí oyin ti relé. Ẹ sì kọ́kọ́ yẹ ewé wò, tí ẹ ò bá rí kòkòrò tó ń jẹ ẹ́, kí lẹ ń fín? Ẹ gbé ilé oyin bíi méjì sétí oko.

Ọmọ Ṣakí (Sọ́ńdè, 1:50 ọ̀sán)

Bàbá ń polówó ọjà 😂 Oyin wa yìí kọ́, tó ń lé èèyàn dé títì? Lébìrà wo ló máa wọ oko yẹn?

Bàbá Oníyin (Sọ́ńdè, 2:15 ọ̀sán)

Ọmọ Ṣakí, ẹnu ẹ dùn. Ìgbà ìkórè oyin ni wàhálà, ìrọ̀lẹ́ la sì ń kórè. Ẹ gbé e jìnnà sí ibi tí èèyàn ń gbà, kí igi díẹ̀ wà láàárín. Kì í tún ṣe dandan kó jẹ́ oyin olóyin. Àwọn oyin kéékèèké wà tó ń gbẹ́lẹ̀ gbé, wọn ò ní afárá, wọn ò sì ń bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ fi etí oko sílẹ̀ láì ro ó, láì fín in, wọ́n á wá fúnra wọn.

Adé_Ọ̀yọ́ (Sọ́ńdè, 4:11 ìrọ̀lẹ́)

Einstein ti sọ ọ́, pé tí oyin bá tán láyé, ọdún mẹ́rin ló kù fún ọmọ aráyé. Ẹ jẹ́ ká ronú.

Tíṣà Báọ́lọ́jì (Sọ́ńdè, 5:30 ìrọ̀lẹ́)

Adé, Einstein ò sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ti wá a nínú ìwé tó kọ, wọn ò rí i. Ẹ̀kọ́ físíìsì ló ṣe, kò sin oyin.

Kò tiẹ̀ lè jẹ́ òótọ́. Isu, isu náà la ń gé gbìn. Ẹ̀gẹ́, igi ẹ̀ la ń gé. Àgbàdo, atẹ́gùn ló ń gbé tiẹ̀. Ìrẹsì àti ẹ̀wà, akọ àti abo wà nínú òdòdó kan náà, wọ́n sábà máa ń parí ọ̀rọ̀ láàárín ara wọn. Àwọn onímọ̀ kan yẹ irúgbìn 115 tó ṣe pàtàkì jù láyé wò lọ́dún 2007, 87 nínú wọn ni ẹranko tàbí kòkòrò ń ràn lọ́wọ́ láti so. Àmọ́ tí ẹ bá fi ìwọ̀n gbé gbogbo oúnjẹ náà, ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ló wá láti ara àwọn 87 yẹn, torí àgbàdo àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló pọ̀ jù. Ebi ò ní pa wá tán. Àmọ́ iyán laá máa jẹ láìsí ọbẹ̀. Ẹ ṣí ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀gúsí yín wò: ẹ̀gúsí, oyin ló ṣe é. Irú, àdán. Epo pupa, kòkòrò.

Ìyá Ẹlẹ́gúsí (Sọ́ńdè, 6:02 ìrọ̀lẹ́)

Tíṣà o ṣé. Àti tòmátò, oyin kan náà.

Tíṣà Báọ́lọ́jì (Sọ́ńdè, 6:20 ìrọ̀lẹ́)

Màámi, ẹ máà bínú, tòmátò yàtọ̀. Òdòdó tòmátò ti àtíkè ẹ̀ mọ́nú bí iyọ̀ inú ike oníhò, àfi kí wọ́n gbọ̀n ọ́n kó tó jáde. Oyin tí a ń fá ò mọ̀ ọ́n gbọ̀n. Àwọn oyin dúdú ńláńlá tó ń dá ihò sí igi òrùlé wa yẹn, àwọn ló máa ń di òdòdó mú, wọ́n á gbọ̀n ara wọn rìrìrì, àtíkè á tú sí wọn láyà. Atẹ́gùn náà ń bá wọn gbọ̀n ọ́n níwọ̀nba, ara ẹ̀ sì ni tòmátò ń lò, òun ló jẹ́ kó máa so láìsí wọn náà.

Adé_Ọ̀yọ́ (Sọ́ńdè, 6:44 ìrọ̀lẹ́)

Ó dáa, mo gbà ti Einstein. Ṣùgbọ́n epo pupa? Ní sẹ́kọ́ńdìrì wọ́n kọ́ wa pé atẹ́gùn ló ń bá ọ̀pẹ ṣe é.

Ọmọ Òkìtìpupa (Sọ́ńdè, 8:15 alẹ́)

Wọ́n kọ́ gbogbo ayé bẹ́ẹ̀ bọ̀ọ̀dá, ohun tó sì ná Malaysia lówó nìyẹn. Oko ọ̀pẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo mọ ìtàn yìí dáadáa. Ọ̀dọ̀ wa ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ọ̀pẹ ti ṣẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e dé Malaysia, igi ni wọ́n gbé, wọn ò gbé kòkòrò rẹ̀. Ọ̀pẹ hù, ó dúró dáadáa, ẹyìn rẹ̀ ò kún. Wọ́n wá ń gba lébìrà tí yóò máa fi ọwọ́ bu àtíkè sórí òdòdó abo lọ́kọ̀ọ̀kan, lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún éékà. Ọ̀gbẹ́ni kan, Rahman Syed, ọmọ Pakistan, onímọ̀ kòkòrò, ló lọ sí Kamẹrúùnù lọ wo bí ọ̀pẹ ibẹ̀ ṣe ń ṣe é. Ó rí i pé kòkòrò dúdú kékeré onímú gígùn kan ló ń kún orí òdòdó. Wọ́n dán an wò bóyá ó máa ba irúgbìn míì jẹ́, kò bà á jẹ́, wọ́n wá tú u sílẹ̀ ní Johor ní Malaysia ní oṣù kejì ọdún 1981. Kò pẹ́ tó fi gba gbogbo ilẹ̀ náà, iṣẹ́ àfọwọ́ṣe yẹn sì tán.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ẹ̀ rèé. Òdòdó akọ ló ń bọ́ kòkòrò yẹn, ibẹ̀ ló ń jẹ, ibẹ̀ ló ń yé sí, ìdin ẹ̀ ń dàgbà níbẹ̀. Abo ò ní nǹkan kan fún un. Ṣùgbọ́n tí àsìkò abo bá tó, á tú òórùn kan náà bí ti akọ jáde. Kòkòrò á gbọ́ òórùn, á ní ilé oúnjẹ tún rèé, á gbé àtíkè wọlé, á bá ìkòkò òfo. Bí ẹni tó gbọ́ òórùn ọbẹ̀ tó yà, tí wọ́n ní a ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni. Ọ̀nà ẹ̀tàn yìí ni gbogbo epo tí a ń jẹ gbà wá.

Àǹtí Oníirú (Ọjọ́ Ajé, 6:50 àárọ̀)

Mo ti ń dúró kí ẹnìkan dé orí irú. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà. Òdòdó igi irúgbá, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, pupa ni, ó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, okùn gígùn ló so ó kọ́ sísàlẹ̀ ewé. Nígbà tí a wà lọ́mọdé a máa ń lá omi dídùn ara rẹ̀ tó bá já. Mi ò mọ ìdí tó fi sọ ara ẹ̀ kọ́ báyẹn títí ọmọ mi tó kàwé fi ṣàlàyé. Àdán ló ṣe é fún. Alẹ́ ló ń ṣí, ó jáde kúrò láàárín ẹ̀ka kí ìyẹ́ àdán má bàa há, àdán á dì mọ́ ọn, á máa lá a, àyà ẹ̀ á kún fún àtíkè, á fò lọ sórí òmíràn. Oyin náà ń bà lé e, ó sì ń ṣe díẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ àdán ló ń fò jìnnà, òun ló ń gbé e láti igi dé igi. Osè tí wọ́n gé lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko bọ̀ọ̀dá wa yẹn, àdán ló ń ṣe òun náà, àti àràbà.

Ní àdúgbò wa báyìí, àwọn ọmọkùnrin ń fi ìbọn lé àdán, wọ́n sì ń ráhùn pé irú wọ́n.

Ọmọ Ṣakí (Ọjọ́ Ajé, 7:15 àárọ̀)

Àǹtí, àdán tí wọ́n ní ó gbé Ebola wá? Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yìn ín níbọn jàre.

Tíṣà Báọ́lọ́jì (Ọjọ́ Ajé, 7:40 àárọ̀)

Ẹni tó ń yìn ín níbọn tó ń há a sápò gan-an ni àrùn máa kọ́kọ́ bá. Má pa á, má jẹ ẹ́, má fọwọ́ kàn án, má jẹ èso tó ti gé jẹ. Àìmọye wọn ló wà nínú ọgbà yunifásítì Ifẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọjá lábẹ́ wọn. Ìgbẹ́ wọn ni ìṣòro, ẹ gbé agbòòrùn dání.

Àgbẹ̀ Kòkó Ìdànrè (Ọjọ́ Ajé, 1:25 ọ̀sán)

Ẹ ti gbàgbé kòkó. Òdòdó kòkó kéré, ara igi gan-an ló ti ń yọ. Oyin ò lè wọ̀ ọ́. Kantíkantí ló ń ṣe é, àwọn tín-ín-tín tí Bíbélì ní kí a má máa sẹ́ ká wá gbé ràkúnmí mì. Nínú 100 òdòdó, tí 5 bá di kòkó, igi yẹn gbìyànjú. Púpọ̀ nínú igi kòkó kì í sì í gba àtíkè ara tiẹ̀, àfi ti igi míì. Òdòdó tí kantíkantí ò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan ààbọ̀ á já.

Inú nǹkan jíjẹrà ni kantíkantí ń bí sí. Bàbá mi máa ń gé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ kó jẹrà sí abẹ́ kòkó, kì í gbá ewé kúrò. Èmi kàwé dé, mo gbá ilẹ̀ oko mọ́ féfé bíi pálọ̀, mo fín apakòríko, kòkó ọdún yẹn já mi kulẹ̀. Mo padà sí ti bàbá mi.

Ọmọ Òkìtìpupa (Ọjọ́ Ajé, 2:00 ọ̀sán)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o. Kòkó tó ti dúdú lórí igi, ẹ ò gbọdọ̀ fi jẹrà sínú oko, àrùn yẹn á gun gbogbo ẹ̀.

Àgbẹ̀ Kòkó Ìdànrè (Ọjọ́ Ajé, 2:22 ọ̀sán)

Òótọ́ lo sọ. Èyí tó ní àrùn, mo ń kó o jáde lọ sin. Ewé àti ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo ń fi sílẹ̀. Ṣé o ti rí i, àwọn tó ń bá wa wí pé oko wa dọ̀tí kì í ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Tólú Peckham (Ọjọ́ Ajé, 9:10 alẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò ní oko, gádìnì kékeré ni mo ní nílùú ọba níbí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ń mú mi lórí yá torí kì í ṣe pé àwọn kòkòrò yìí kàn ń bá òdòdó ṣiṣẹ́, àwọn ló mọ òdòdó ọ̀hún bó ṣe rí. Ẹ wo èyí: wọ́n fi òdòdó orchid kan láti Madagascar ránṣẹ́ sí Darwin, onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí, lọ́dún 1862, ọ̀pá tí omi dídùn ẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30. Ó ní ó ní láti jẹ́ pé àfòpiná kan wà níbẹ̀ tí ahọ́n ẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀. Darwin kú ní 1882, ọdún 1903 ni wọ́n tó ṣàpèjúwe àfòpiná náà, ahọ́n rẹ̀ tó o.

Ẹ má sì rò pé ó di ẹgbẹ̀rún ọdún kó tó yí padà. Ní Zürich, wọ́n gbin ẹ̀yà kan nínú ẹbí kábéèjì, apá kan, oyin onírun ńlá ni wọ́n jẹ́ kó máa gbé àtíkè ẹ̀, apá kejì, eṣinṣin òdòdó. Ìran mẹ́sàn-án péré, wọ́n kọ ọ́ jáde ní 2017. Ti oyin ga, òórùn dídùn rẹ̀ pọ̀ sí i. Ti eṣinṣin kúrú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara ẹ̀ bímọ. Ní ìtòsí Paris náà, òdòdó oko kan wà tí wọ́n fi kóró ẹ̀ tí wọ́n ti kó pamọ́ ní ogún ọdún sẹ́yìn wé tòní, tòní fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí tàná, omi dídùn ẹ̀ fi ìdá 20 dín. Òdòdó ti ń jáwọ́ nínú oyin, torí oyin ò wá mọ́.

Ọmọ Ṣakí (Ọjọ́ Ajé, 9:32 alẹ́)

Bọ̀ọ̀dá Tólú, ó dùn létí. Kí ló kan mẹ́lọ̀n Ìsẹ́yìn?

Ìyá Ẹlẹ́gúsí (Ọjọ́ Ajé, 10:05 alẹ́)

Ó kàn mí o, èmi tí mo ń fi kóró pamọ́. Tí oyin bá wọ́n lóko mi, èyí tó bá so ni mo máa fi kóró ẹ̀ sílẹ̀, ó túmọ̀ sí pé èyí tó lè so láìsí oyin ni mo ń yàn lọ́dọọdún láì mọ̀. Mo ti rí òmíràn náà: ọdún tí ará ìtòsí gbin wọtamẹ́lọ̀n, oyin gbé tirẹ̀ bá tèmi, ọdún kejì mo gbin kóró mi, ẹ̀gúsí tó jáde ò ṣe bákan náà mọ́. Torí náà ẹni tó máa tọ́jú kóró, kó má gbin méjèèjì mọ́ra.

Olóko, nítorí tọdún yìí, kí oyin tó padà, fi ọwọ́ ṣe é. Aago mẹ́fà àbọ̀ sí mẹ́sàn-án àárọ̀. Já akọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, bó ewé yẹ́lò ara ẹ̀ kúrò, fi àárín rẹ̀ ra àárín abo, rọra, kó kan gbogbo ìhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lo akọ méjì sí abo kan. Fi òwú so ó kí o lè mọ èyí tí o ti ṣe.

Adé_Ọ̀yọ́ (Ọjọ́ Ajé, 10:20 alẹ́)

Éékà méjì, màámi?!

Tólú Peckham (Ọjọ́ Ajé, 10:41 alẹ́)

Adé, gbogbo fàníllà tó wà láyé, fífi ọwọ́ ṣe ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Mẹ́síkò ló ti wá, oyin tó mọ̀ ọ́n ṣe ò tẹ̀ lé e. Ọmọ ẹrú ọmọ ọdún 12 kan, Edmond Albius, ní erékùṣù Réunion, ló fi igi pẹlẹbẹ kékeré àti àtàǹpàkò rí ọ̀nà tó yá sí i ní 1841. Ọ̀nà ọmọ yẹn ni wọ́n ṣì ń lò. Ọ̀pọ̀ ló là nídìí ẹ̀, òun kú ní òtòṣì.

Olóko Ìsẹ́yìn (ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, Sọ́ńdè, 7:30 alẹ́)

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà dé. Wàláhì mi ò lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Mo dá yúríà dúró. Mo dá oògùn àárọ̀ dúró, ọjọ́ kan péré la fín in, láago mẹ́fà kọjá ìrọ̀lẹ́, ibi tí mo ti rí kòkòrò nìkan. Èmi àti ìyàwó mi fi ọwọ́ ṣe poro 4, òdòdó 60 la fi òwú pupa so, 38 dúró, wọ́n ti tó orí ọmọdé báyìí, wọ́n gún. Iṣẹ́ yẹn pa wá lẹ́yìn, a ò ṣe ju ìyẹn lọ. Àwọn poro tó kù, ó tó ọjọ́ kẹsàn-án kí n tó rí oyin kan, àwọn dúdú kéékèèké Bàbá ni mo kọ́kọ́ rí. Ọmọ ti ń dúró díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀, kò tíì tó ti ọdún àkọ́kọ́.

Ìṣòro tó kù ni bàbá olóko tòmátò. Àárọ̀ lòun ṣì ń fín tiẹ̀, atẹ́gùn sì ń gbé e wá. Àgbàlagbà ni, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ bá wọn sọ ọ́ tí kò fi ní dà bí àfojúdi.

Ìyá Ẹlẹ́gúsí (Sọ́ńdè, 7:52 alẹ́)

Tí mẹ́lọ̀n àkọ́kọ́ bá ti pọ́n, gbé èyí tó gún jù àti èyí tó wọ́ jù lọ kí wọn. Dọ̀bálẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu ara wọn bèèrè ohun tó mú méjèèjì yàtọ̀.

Olóko Ìsẹ́yìn (Sọ́ńdè, 8:03 alẹ́)

Màámi ẹ ṣé, mo máa ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá Oníyin, ilé oyin méjì yẹn, ẹ jọ̀ọ́ èló ni?

Ọmọ Ṣakí (Sọ́ńdè, 8:04 alẹ́)

Mo ti sọ ọ́ 😂😂